Bí ẹ ṣe máa kọ ìtàn títì ìlú yín sílẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé

Títì kan ṣoṣo ló la ìlú tiwa já. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, tẹ́ ẹ kọrí sọ́nà Òmù-Àrán, ẹ máa gba àárín wa kọjá, ọkọ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kó tó la tiwa já, ọ̀pọ̀ èrò tó wà nínú ọkọ̀ ò tiẹ̀ ní gbójú kúrò lára fóònù. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kọ ìtàn títì yìí sílẹ̀, ojúlé kan tẹ̀ lé èkejì, àwọn èèyàn láti Òró, láti Ọ̀fà, láti Ṣàárẹ́ máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é, pé àwọn náà fẹ́ ṣe tìlú àwọn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, mi ò fi ìkankan pamọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá títì tẹ́ ẹ ń pè ní títì ìlú ni títì ìlú gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà, ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí lónìí kọ́ ni ọ̀nà tí àwọn baba wa ń rìn. Ọ̀nà àtijọ́ máa ń kọ́lọkọ̀lọ, ó máa ń gba iwájú ààfin, ó máa ń yà sí ìdí odán, ó máa ń kan ọjà àti mọ́ṣáláṣí kó tó jáde lọ sóko. Ìgbà táwọn òyìnbó fẹ́ kí mọ́tò máa rìn ni wọ́n wá la ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, wọ́n sì gba ẹ̀yìn agboolé lọ níbi tó bá ti rọrùn fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo ibi tí ilé kọjú sí. Nílùú wa, ilé mẹ́rin ló kẹ̀yìn sí títì láàárín gáréèjì sí ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé wẹ́wẹ́, ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti kùn dúdú, kò sí ilẹ̀kùn kankan tó dojú kọ títì. Láti kékeré ni mo ti ń kọjá níbẹ̀, mo rò pé àwọn tó kọ́ ọ ò mètò ni. Ọjọ́ tí mo yí gba ẹ̀yìn lọ ni mo tó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, òpó mẹ́fà, pèpéle tí ìdí èèyàn ti jókòó lé títí tó fi ń dán bí abọ́ tánganran, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tóóró kan tí koríko ti ń bò. Ibẹ̀ ni títì. Àwa la ń rìn lẹ́yìnkùlé wọn látọjọ́ yìí wá. Torí náà mo kọ ọ̀nà méjèèjì, mo sì gba ẹ̀yin náà nímọ̀ràn kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó mú bírò jáde rárá, ẹ lọ kí kábíyèsí tàbí báálẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má fojú di èyí o. Tí wọ́n bá rí èèyàn tó ń ka ilé, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, tó ń ya fótò, ohun méjì ló máa sọ sí wọn lọ́kàn, yálà ìjọba fẹ́ gba owó orí, tàbí ẹnì kan ti fẹ́ ta ilẹ̀. Èmi gan-an, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde, bàbá kan ní kí n wá jókòó, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ?" Ìgbà tí mo ní ààfin mọ̀ sí i lọkàn wọn tó balẹ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo náà. Gòrò díẹ̀, búrẹ́dì, páálí ṣúgà, ó tó. Kẹ́ ẹ sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ má fi fóònù síwájú ìkíni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ra ìwé ońlá-ńlá tó ní ojú ewé púpọ̀. Bí mo ṣe ń lò ó rèé, mo fa ìlà sáàárín ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà yẹn ni títì, ọwọ́ òsì ìwé ni ọwọ́ òsì títì, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èèyàn ti ń wọ̀lú láti Àjàṣẹ́, mo ń rìn lọ, ojúlé kọ̀ọ̀kan mo fún un ní nọ́ńbà, mo kọ ohun tó wà níbẹ̀ lónìí ṣáájú ohunkóhun. Ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ, ìsọ̀ aláṣọ, ilé tó ti wó, ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ilẹ̀ òfìfo, gbogbo ẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ rìn o, ẹ má gun ọ̀kadà. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù, kí oòrùn tó mú, kí ọjà tó kún. Níbi tó bá ṣòro láti ṣàpèjúwe, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí Google Maps, nọ́ńbà méjì kan máa jáde, ẹ dà á kọ, tí ilé bá wó lọ́la tí igi bá ṣubú ẹ ṣì máa mọ ojú ibi tó wà.

Iṣẹ́ gan-an ló kàn yìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bà jẹ́. Ẹ má bi àgbàlagbà pé ọdún wo ni. Ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n lọ́dún, ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò kàwé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, tàbí wọ́n á fún yín lọ́dún kan kí inú yín lè dùn, ọdún yẹn ò sì ní í jóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ wá ọdún ẹ̀.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń ta èlùbọ́ lójú títì wa. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí ọkọ wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósófíìsì. Mo ní, "Ìyá, owó wo ni bàbá fi ra páànù tí wọ́n fi kan án?" Wọ́n ní ṣílè ni. Ìyẹn ti sọ fún mi pé kò tíì di 1 oṣù kìn-ín-ní 1973, torí ọjọ́ yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀. Mo tún ní, "Nígbà yẹn, apá ibo lọkọ̀ ń gbà?" Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní apá ọ̀tún ni, pé ìdí táwọn fi rántí ni pé ẹ̀rù ń ba dẹ́rẹ́bà tó kó páànù wá, kò tíì mọ́ ọn lára, ṣe ló ń wolẹ̀ wòkè kó tó yà wọlé. Ó parí! Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Torí náà láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kejìlá 1972 ni wọ́n kan páànù ṣọ́ọ̀bù yẹn, oṣù mẹ́sàn-án péré, láti ẹnu ìyá tó ní òun ò mọ ọdún. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́.

Torí náà ẹ ní àwọn ọjọ́ tó dájú lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé yín. Èmi máa ń lo ìgbà tí ojú irin dé Ọ̀fà àti Ìlọrin ní 1908, ìyẹn fún ìtàn táwọn àgbà gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wọn. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó ń pa èèyàn lójoojúmọ́. Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 1947, ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, tí adìyẹ wọlé sùn, àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa á rántí ìyẹn kedere bí àná. Òmìnira 1960. Ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, àwa tá a wà lábẹ́ Àríwá tẹ́lẹ̀ wá di Kwárà. Owó Udoji tí wọ́n san fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan bí 1975, ẹ máa yà lẹ́nu iye ilé tó jẹ́ owó yẹn ni wọ́n fi parí ẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ra mọ́síìnì àkọ́kọ́. Àti 1984, ọdún tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà táwọn èèyàn tò sí báńkì.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa níhìn-ín, tẹ́ ẹ bá máa bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ bèèrè nípa Gánà. Oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí ò níwèé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, àti ọ̀pọ̀ ìlú tó yí wa ká ló ti ń ṣòwò níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ bí ọmọ síbẹ̀, wọn ò mọ ilé rí. Ìgbà tí wọ́n dé, ojú títì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Nílùú wa, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ kan náà tó dojú kọ ọjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ tàwọn tó dé láti Gánà, ọ̀kan nínú wọn ṣì ní ilẹ̀kùn pákó tí wọ́n máa ń ṣẹ́ po ní mẹ́rin-mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kùmásí, bàbá tó ni ín ló sọ fún mi. Ẹ ò lè rí irú ìyẹn nínú ìwé kankan. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà, àwọn tó ní ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ò lẹ́nu náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè pátápátá níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sí, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa bá ọdún tí wọ́n parí ẹ̀ níbẹ̀, nígbà míì orúkọ bàbá onílé pẹ̀lú. Ẹ wo igi. Tẹ́ ẹ bá rí dóńgóyárò tàbí máńgòrò tí wọ́n tò ní ìlà kan, ọwọ́ ìjọba tàbí ọwọ́ iléèwé ló wà níbẹ̀, àwa ò kì í gbin igi ní ìlà. Odán ní tiẹ̀, iwájú ààfin tàbí ojú ọjà ni, tó bá dá dúró níbi tí kò sí ọjà mọ́, ẹ bèèrè, ọjà ti wà níbẹ̀ rí. Pèrègún tó pọ̀ lójú kan, ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má kàn wọbẹ̀ lọ ya fótò. Kànga tí wọ́n ti dí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ ibi náà ńkọ́? Ibẹ̀ làṣìṣe pọ̀ sí. Ẹ wo Ìlọrin. Tẹ́ ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ní Táíwò lẹ̀ ń lọ, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ìbejì kan ló ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo ni, gómìnà ológun Kwárà, tí wọ́n pa ní 13 oṣù kejì 1976 nígbà tí wọ́n fẹ́ fipá gbàjọba, ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa Murtala Muhammed. A ti fi Táíwò Òkè àti Táíwò Ìsàlẹ̀ kún un báyìí, ó ti di tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pè é lójoojúmọ́ ò mọ ẹni tó jẹ́. Orúkọ Ìlọrin fúnra ẹ̀, òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n ní ó ti jáde, òkúta náà sì ṣì wà ní Ìdí-Àpè, nínú agboolé, láàárín ilé àwọn èèyàn. Torí náà tí wọ́n bá ń pe ibì kan ní Ìdí Máńgòrò tí kò sí máńgòrò níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó jẹ nínú èso ẹ̀. Tiwa, mànàmáná ló wó o. Mo ti rí àwọn mẹ́ta tó jókòó lábẹ́ ẹ̀ rí, ẹni kẹta ló sọ fún mi pé abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí, akọ̀wé á gbé tábìlì síbẹ̀, dógarì, ẹ̀ṣọ́ ọba, á dúró tì í.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dùn mí. Ẹ má kọ ọ́ pé lágbájá ló "ṣàwárí" nǹkan. Ẹ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 1933 ni alábẹ̀wò iléèwé kan tó ń jẹ́ Ramsay kọ̀wé nípa wọn, ní 1945 wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, òun ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ ibi tí ère yẹn wà, wọ́n ti ń ṣe ọdún wọn níbẹ̀, kí Ramsay tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tàbí odò tó wà lẹ́bàá títì yín. Ẹ kọ ìgbà tí àwọn onílẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ wá fi ìgbà tí ìjọba mọ̀ ọ́n tẹ̀ lé e.

Fótò. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ lára ògiri pálọ̀, ẹ má ní kí wọ́n yá yín, ẹ má sì tú u kúrò nínú férémù tí wọn ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò kàn án, ẹ pa fláàṣì, ẹ yà á. Kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò! Ẹ̀yìn fótò àtijọ́ máa ń ní òǹtẹ̀ onífótò, orúkọ ìlú, nígbà míì ọjọ́ pẹ̀lú. Mo fi òǹtẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé onífótò kan ti ní ìsọ̀ lójú títì wa rí, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán ó máa rún un mọ́lẹ̀, ojú àwọn èèyàn ò ní hàn mọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohùn náà, ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Kẹ́ ẹ sì fi pa mọ́ síbi méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Èmi gba ohùn bàbá kan tó jẹ́ mọ́tò bọ̀lẹ́kájà ni wọ́n ń wà nígbà èwe wọn, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dúró kó èrò láti Ọ̀fà wá, wọ́n tiẹ̀ kọrin tí wọ́n ń kọ tí mọ́tò bá rì sí ẹrọ̀fọ̀. Mo fi sínú fóònù. Ọ̀sẹ̀ kejì fóònù ò tàn mọ́, mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún un ṣe, nígbà tó fi máa gbé e fún mi padà ó ti nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò. Mo ní kò burú, màá padà lọ bá bàbá. Bàbá ti kú lọ́jọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Orin yẹn, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo rántí.

Ìwé àtijọ́ náà wà tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó wà. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọléèwé, ìwé owó orí tí bàbá àgbà ká sábẹ́ ẹní. Ti ìjọba òyìnbó ní tiẹ̀, nítorí pé Ìlọrin àti gbogbo ẹkùn ẹ̀ wà lábẹ́ Àríwá, Kàdúná ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìgbà náà wà, ní National Archives tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ẹ sọ fún wọn pé ìwé Ilorin Province lẹ fẹ́. Kẹ́ ẹ ṣáà rántí pé ohun tí ajẹ́lẹ̀ kọ, ohun tí wọ́n sọ fún ajẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé ìdílé báyìí ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ títì lápá ibẹ̀, kò pé oṣù kan tí wọ́n fi wá bá mi pé kí n fún àwọn ní ẹ̀dà, pé àwọn ní ẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò àwọn. Mi ò fún wọn. Látìgbà náà, "ilé báyìí sọ pé" ni mo máa ń kọ, tí ilé kejì bá ní tiwọn, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, méjèèjì á wà níbẹ̀, mi ò dájọ́.

Kẹ́ ẹ má fi ti ọba àti olóyè nìkan kún ìwé. Ìdí àkàrà kan wà lójú títì wa, ìyá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọmọ gbà á, ọmọ-ọmọ ló wà níbẹ̀ báyìí, orí àdògán mẹ́ta kan náà, ojú òkúta ti jẹ wọlẹ̀ níbi tí agbada máa ń jókòó sí. Èmi ka ìyẹn mọ́ ibi pàtàkì ìlú, nọ́ńbà kejìdínlógún ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sí wọn létí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun alásàrí ni mo ka tèmi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òpó mẹ́fà yẹn, àwọn àgbà bíi mọ́kànlá jókòó. Mi ò tíì kà dé ojúlé karùn-ún tí ìyá elélùbọ́ fi dá mi dúró, wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ò ṣáájú aránṣọ débẹ̀, pé aránṣọ yẹn ló rán aṣọ ìyàwó àwọn, gbẹ́nàgbẹ́nà ò tíì dé. Ẹlòmíì ní rárá. Wọ́n jà á títí wọ́n fi pe mágíríbù. Mo ṣe àtúnṣe mẹ́tàlélógún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀dà kan wà ní ààfin, ọ̀kan wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá elélùbọ́, ọmọ-ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn. Ojú ìwé kan ṣì ṣófo, ojúlé kọkànlélógójì, ilé kan tí kò sẹ́ni tó ṣí i látọdún mẹ́ta. Àwọn tó ni ín wà ní Àbújá, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wálé níléyá.